Ta ló ń parọ́ nínú àwọn tó ń ka tálákà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mò ń ta láfún àti gàrí ní ọjà Làfẹ́nwá, níbí l'Abẹ́òkúta. Ọkọ mi ń gun ọ̀kadà, ọmọ mẹ́ta la bí. Àkọ́bí mi tó wà ní ilé ìwé gíga kà á pé Báńkì Àgbáyé ní ẹni tí kò bá rí dọ́là 3 ná lójúmọ́, tálákà paraku ni. Ó fi 1,500 náírà sọ dọ́là kan, ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ná 4,500 lójúmọ́, àwa márààrún 22,500, ìyẹn 675,000 lóṣù. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ta ló ń rí i ná bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wa? Ó tún ní ìwé ìjọba sọ pé tálákà ìpínlẹ̀ Ògùn kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tún rí ibòmíràn tí wọ́n ti ní ọmọ Nàìjíríà 63 nínú 100 ni tálákà. Ta ló ń parọ́ nínú wọn? Èmi gan-an ńkọ́? Mò ń jẹ, mò ń mu, n kì í tọrọ, ṣùgbọ́n bí owó ilé ìwé bá ti dé, ọ̀dọ̀ alájọ ni mo máa ń sáré lọ yáwó. Ṣé tálákà ni mí? Bí wọ́n bá sì wá kọ orúkọ àwọn tálákà ní àdúgbò wa, ṣé kí n jáde?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Ọmọ yín nìkan ló fi dọ́là tí kò yẹ ṣe ìṣirò, a ò sì lè bá a wí, torí àwọn oníròyìn tó ń gbowó oṣù nídìí ẹ̀ náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kà yẹn, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà. Ní tiyín, kí ẹ má bàa máa wọ̀nà títí, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́: ó ṣeé ṣe kí ìjọba kan náà ní ẹ kì í ṣe tálákà nínú ìwé kan, kó tún kọ yín mọ́ tálákà nínú ìwé kejì, kí ìwé méjèèjì sì tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti dọ́là kúrò ńlẹ̀. Dọ́là 3 tí Báńkì Àgbáyé ń wí kì í ṣe dọ́là tí àwọn àbókí ń ṣẹ́. Dọ́là inú ìwé ni. Wọ́n mọ̀ pé iye owó kan náà kì í ra ọjà kan náà níbi gbogbo. Irun tí ọmọbìnrin máa dì ní Làfẹ́nwá tí kò ní ná an ní 5,000 náírà, ọgọ́rùn-ún dọ́là lè má tó o ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí ètò kan fi wà láti 1968 tó ń kó iye owó ọjà jọ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè: ìrẹsì, ẹyin, owó ọkọ̀, owó ilé, gbogbo rẹ̀. Wọ́n á wá wo iye náírà tó máa ra ẹrù tí dọ́là kan ń rà l'Amẹ́ríkà. Iye náírà yẹn kéré gan-an sí èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là. Dọ́là 3 tí wọ́n ń lò báyìí, iye ọjà ọdún 2021 ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di náírà bó ṣe yẹ, tí a sì fi ọ̀wọ́n gógó tó ti dé láti ìgbà náà kún un, kò tó ìdajì 4,500 tí ọmọ yín mú wá. Nítorí náà, 675,000 yẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti rí dọ́là 3 gan-an? Wọn kò jókòó sí Washington kí wọ́n kàn fọkàn sọ ọ́. Wọ́n kó ìlà ìṣẹ́ (iye owó tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá ná tó o, tálákà ni) tí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré jù là fúnra wọn jọ, wọ́n tò wọ́n láti orí èyí tó kéré sí èyí tó pọ̀, wọ́n sì mú èyí tó bọ́ sí àárín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí dọ́là kan ní 1990, ó di 1.25 ní 2008, ó di 1.90 ní 2015, 2.15 ní 2022, ó wá di 3 ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Ọ̀wọ́n ọjà wà nínú rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè náà sì tún ìlà tiwọn là. Nígbà tí wọ́n gbé e sí 3 yẹn, iye tálákà paraku lágbàáyé fún ọdún 2022 fò láti mílíọ̀nù 713 sí 838. Mílíọ̀nù 125 èèyàn di tálákà nínú ìwé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kọ́bọ̀ kò sì kúrò lápò ẹnì kankan. Ẹni tó bá rí irú nǹkan báyìí tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ayé ti bàjẹ́ sí i, tàbí ẹni tó rí òdìkejì rẹ̀ tó ń lu ara rẹ̀ láyà, kò tíì bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n kà.

Ó dáa, ẹ wá wo bí ìjọba tiwa ṣe ń kà á nílé.

Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ rán àwọn èèyàn lọ sí ilé tó lé ní 22,000 káàkiri Nàìjíríà láàárín oṣù kẹsàn-án 2018 sí oṣù kẹwàá 2019. (Wọn kò rí gbogbo Borno wọ̀ nítorí ogun, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n gbé jáde.) Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé iye tó ń wọlé fún yín kọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Ta ló máa sọ ọ́? Ọkọ yín tó ń gun ọ̀kadà, iye tó pa lánàá lè yàtọ̀ pátápátá sí ti òní, epo tó rà wà níbẹ̀, owó ìwé ojú ọ̀nà wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn sì wà tí kò tíì sọ iye tó ń rí fún aya rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹni tó gbé káàdì ìjọba kọ́rùn. Ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí ẹ ná ni wọ́n ń béèrè.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Akọ̀wé á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, á ní: "Mà, láti ọjọ́ méje sẹ́yìn, ṣé ẹ jẹ gàrí nínú ilé yìí?" A jẹ ẹ́. "Kóńgò mélòó?" Kóńgò méjì. "Èló lẹ rà á?" N ò rà á o, inú igbá ọjà mi ni mo ti bù ú. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Akọ̀wé tí kò mọṣẹ́ á kọ òdo, á sì kọjá sí ẹ̀wà. Èyí tó mọṣẹ́ á béèrè iye tí kóńgò gàrí jẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, á sì kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣu tí ẹ̀gbọ́n yín gbé wá láti oko Odẹ̀dá, bẹ́ẹ̀ náà ni àkàrà tí ọmọ yín jẹ lójú ọ̀nà ilé ìwé. Ti àkàrà yẹn ló le jù, torí ìyá ilé ni wọ́n ń bi, ìyá ilé kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ọmọ jẹ ẹ́. Wọ́n á tún béèrè owó ilé ìwé, oògùn, aṣọ, ọkọ̀ wíwọ̀, káàdì fóònù. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á rò pọ̀ fún ọdún kan, tí wọ́n á sì pín in sí iye orí tó wà nílé. Bàbá gba orí kan, ọmọ ọwọ́ náà gba orí kan.

Pínpín dọ́gbadọ́gba yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn rí. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń bu oúnjẹ nílé. Bàbá á gba tirẹ̀ pẹ̀lú ẹran méjì, àwọn ọmọ á gba tiwọn, ìyá á wá fi èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò jẹ láfún, bí ọbẹ̀ bá ṣẹ́ kù. Lójú ìwé ìṣirò, ẹnu gbogbo wọn gún régé. Bí ilé bá bọ́ sókè ìlà, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kà sókè ìlà. Mo gbà pé ó wà láwọn ilé tí bàbá kì í ṣe tálákà, tí ìyá jẹ́ tálákà, lábẹ́ òrùlé kan náà. Kò sí iye kankan tí ẹ máa rí nínú ìwé ìròyìn tó máa fi ìyẹn hàn yín.

Ìlà náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn baba wa ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi la ìlà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ wo oúnjẹ tó máa gbé èèyàn ró lójúmọ́, irú oúnjẹ tí àwọn mẹ̀kúnnù ń jẹ gan-an, wọ́n á wo iye tó máa rà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi díẹ̀ kún un fún aṣọ, ibùgbé àti ohun mìíràn. Ní 2019, ti oúnjẹ jẹ́ 81,767 náírà fún ẹnì kan lọ́dún kan, ohun yòókù jẹ́ 55,663. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 137,430. Ẹni tó bá ná jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún kì í ṣe tálákà. Ẹni tí kò bá ná tó o, tálákà ni. Lójúmọ́, ó jẹ́ nǹkan bíi 376 náírà, 224 nínú rẹ̀ fún oúnjẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì bínú, iye owó ọjà 2019 ni.

Lórí ìlà yẹn ni wọ́n ti ní èèyàn 40.1 nínú 100 ní Nàìjíríà ni tálákà, èèyàn mílíọ̀nù 82.9. Ní ìgboro jákèjádò orílẹ̀-èdè, ó jẹ́ 18 nínú 100, ní ìgbèríko 52. Ṣókótó wọ 87.7, Èkó jẹ́ 4.5, ìpínlẹ̀ Ògùn wa sì jẹ́ 9.3. Iye tí ọmọ yín rí nìyẹn, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ilé ẹlẹ́ni márùn-ún bíi tiyín wò ó, kí ẹ rí bí ìlà náà ti lọ sílẹ̀ tó. 137,430 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 687,150 lọ́dún. Lọ́dún 2019 yẹn náà ni wọ́n fọwọ́ sí 30,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Bí bàbá nìkan bá ń gba 30,000 yẹn, tí ìyá kò sì rí nǹkan kan, 360,000 ni wọ́n máa rí ná lọ́dún, tálákà sì ni wọ́n láìsí àríyànjiyàn: òṣìṣẹ́ tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tí òfin dáàbò bo owó oṣù rẹ̀. Bí ìyá náà bá wá ń rí 30,000 tirẹ̀, àpapọ̀ á di 720,000. Wọ́n ti fi 32,850 kọjá ìlà. Ìwé ìjọba á yọ orúkọ wọn kúrò lára tálákà. Ọmọ kan ṣàìsàn ibà, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì, owó tó ya wọn sọ́tọ̀ lára tálákà ti tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn 90 tó kù nínú 100 ní ìpínlẹ̀ wa, irú ibẹ̀ yẹn ni wọ́n dúró sí. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé 9.3 ni tálákà Ògùn, ẹ má rò pé àwọn yòókù ń gbádùn ní Ìbarà lọ́dọ̀ àwọn olówó.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ògùn kan ṣoṣo tí wọ́n kà yẹn, Ọ̀tà wà nínú rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde wà nínú rẹ̀, àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í dé lákòókò òjò wà nínú rẹ̀. Ilé tí wọ́n yẹ̀ wò ní ìpínlẹ̀ kan kò pọ̀ tó láti sọ bí Làfẹ́nwá ṣe rí sí Oke-Ilewo. Olóṣèlú tó bá dìde tó ní "ní wọ́ọ̀dù wa, tálákà jẹ́ báyìí nínú ọgọ́rùn-ún," ẹ bi í pé ta ló kà á fún un.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń jà lórí ohun tó yẹ kó wà nínú ìlà. Seebohm Rowntree, ọmọ àwọn olówó tó ń ṣe ṣokoléètì ní ìlú York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rán èèyàn lọ láti ojúlé dé ojúlé ní 1899. Ó la ìlà tirẹ̀, ó sì rí i pé nǹkan bíi 10 nínú 100 èèyàn ìlú náà ni owó wọn kò tó o; bó ṣe ka àwọn mìíràn tó rí i pé ìyà ń jẹ mọ́ wọn, ó di 28. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fún ìlà náà pinpin kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ó ń ṣàsọdùn. Kò sí owó ọkọ̀ níbẹ̀, kò sí owó ìwé ìròyìn, kò sí owó sítáǹbù tí èèyàn fi máa kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ tó wà lókèèrè, kò sí owó igbá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oúnjẹ, aṣọ, ilé, ohun ìdáná àti ohun kéékèèké inú ilé, ó tán. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 120 ọdún ṣáájú rẹ̀, Adam Smith ti sọ pé ohun tó pọn dandan ju ohun tó ń gbé ẹ̀mí ró lọ. Ó ní àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ kò wọ ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ rí, wọn ò sì kú, ṣùgbọ́n láyé tòun, alágbàṣe tí kò bá ní in yóò máa tijú láti jáde síta.

Ní Abẹ́òkúta, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ìyá ẹgbẹ́ yín kú, ẹgbẹ́ mú àdìrẹ ní Ìtòkú, wọ́n pín in. Ṣé owó ankọ́ yẹn jẹ́ ohun kòṣeémánìí? Ọ̀gá mi kan nídìí iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé fàájì lásán ni, pé ẹni tó bá ra ankọ́ kò lè pe ara rẹ̀ ní tálákà. N kò gbà fún un títí dòní. Ẹgbẹ́ yẹn ló máa dúró tì yín lọ́jọ́ tí ọjà yín bá jóná, àwọn ni wọ́n máa yá yín lówó láìgba èlé, àwọn ni wọ́n máa gbé ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹni tí kò lè bá wọn mú aṣọ fún ọdún mélòó kan, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa gbàgbé láti pè é sípàdé. Mo gbà pé àwọn kan ń fi ankọ́ run ara wọn, mo sì rí wọn. Ṣùgbọ́n láti kọ ìlà tí kò ní kọ́bọ̀ kankan fún ìbáṣepọ̀ nínú ìlú Yorùbá, ká sì ní ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìyẹn kò jọ ìlú tí mò ń gbé.

Àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù ti gba irú èrò yìí: wọ́n máa ń wo owó tí ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn ń rí, ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 60 nínú 100 rẹ̀, wọ́n kà á sí ẹni tí ìṣẹ́ lè bá. Nàìjíríà náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ kí ọmọ yín rí ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ kedere jù. Nínú ìròyìn tí NBS gbé jáde ní 2012 lórí ìwádìí ọdún 2009 sí 2010, ìwádìí kan náà, ilé kan náà, èèyàn kan náà, iye márùn-ún ló jáde. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ nìkan díwọ̀n, tálákà jẹ́ 41 nínú 100. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ àti ohun yòókù, 60.9. Bí wọ́n bá fi dọ́là kan lójúmọ́, 61.2. Bí wọ́n bá fi wé bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ná, 69. Bí wọ́n bá wá bi àwọn èèyàn fúnra wọn pé "ṣé tálákà ni ẹ́?", 93.9 ló dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. (Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá sọ fún aláṣẹ pé òun rọ́wọ́ mú, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni.)

Ẹni tó bá mú 60.9 ti ìgbà náà, tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 40.1 ti 2019, tó wá ní "ìjọba ti mú ìṣẹ́ kúrò lọ́rùn ogún nínú ọgọ́rùn-ún," ohun tó ṣe kò yàtọ̀ sí ti aláròóbọ̀ tó fi kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọlé wọn ọjà, tó wá ń bá yín jiyàn pé kóńgò ni kóńgò. Bí wọ́n ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ní 2009 yàtọ̀, ìlà yàtọ̀, Borno wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú èkejì. NBS fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ká má fi wọ́n wéra. Nínú gbogbo ohun tó ń bí mi nínú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìfiwéra yìí ló ṣáájú.

Ẹ wá jẹ́ ká wo 63 nínú 100 tí ọmọ yín rí yẹn. Ní oṣù kọkànlá 2022 ni NBS gbé ìyẹn jáde, wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù 133 ni tálákà. Owó kọ́ ni wọ́n kà. Ohun tí àwọn èèyàn kò ní ni wọ́n kà. Nǹkan mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n yẹ̀ wò nínú ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n pín wọn sí ẹ̀ka mẹ́rin: ìlera, ẹ̀kọ́, ìgbé ayé, iṣẹ́ pẹ̀lú ààbò. Ṣé oúnjẹ máa ń tán nílé? Báwo ni ilé ìwòsàn ṣe jìnnà tó? Ṣé ọmọ tó yẹ kó wà nílé ìwé wà níbẹ̀, àbí ó ti wà níbẹ̀ àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi kíláàsì sílẹ̀ fún un? Omi ńkọ́, ṣé ó mọ́, ṣé ó sì máa ń wà? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilẹ̀ ilé, òrùlé, ohun tí ẹ fi ń dáná. Ṣé àgbàlagbà wà nílé tí kò níṣẹ́, tàbí tó níṣẹ́ tí iṣẹ́ náà kò kún ọwọ́? Bí àìní ilé kan bá pọ̀ ju ohun tí ẹ̀ka kan ṣoṣo wọ̀n lọ, tálákà ni wọ́n. Ó lé ní ìdajì gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ tálákà nínú ìṣirò yìí, tó sì tún ń fi igi, èédú tàbí ìgbẹ́ ẹran dáná.

Ẹ jẹ́ ká fi í wọ ilé kan ní Làfẹ́nwá, mi ò ní tiyín ni. Bàbá àti ìyá ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ ń wọlé, wọ́n ti kọjá ìlà 137,430 dáadáa. Ṣùgbọ́n èédú ni wọ́n fi ń dáná torí owó gáàsì. Yàrá méjì ni wọ́n gbà nínú ilé fésì-mi-n-fésì-ẹ, ṣáláńgá kan ni gbogbo ayálégbé ń lò. Ọ̀dọ̀ olómi ni wọ́n ti ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì, bí iná kò bá sí, kò sí omi, odò Ògùn sì nìyẹn tó ń ṣàn kọjá lọ́hùn-ún. Ọmọ kejì fi ilé ìwé sílẹ̀ fún ọdún kan nígbà tí ìyá ṣàìsàn, ó wá ń jókòó pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ báyìí. Owó wọn tó, àìní wọn sì pọ̀. Ilé yìí kò sí nínú 40.1, ó ṣeé ṣe kó wà nínú 63. Ohun tí owó ọwọ́ ẹnì kan kò lè rà pọ̀ níbẹ̀: ẹ lè tà láfún títí di àárọ̀ ọ̀la, ẹ ò lè dá nìkan ri páìpù omi láti ilé iṣẹ́ omi dé àdúgbò yín.

Èmi fẹ́ràn ìṣirò kejì yìí jù fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe, torí ó ń tọ́ka sí ibi tí ìyà ti ń jẹ èèyàn. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín pé ọ̀wọ́n gógó ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn èèyàn lóṣù tó kọjá. Òrùlé kì í jò torí pé epo bẹntiróòlù wọ́n. Fún ìyẹn, ìṣirò owó ló yá.

Kíkà orí náà sì ní àbùkù tí àwọn méjèèjì jọ ní bí a bá dúró lé e nìkan. Ẹni tí náírà mẹ́wàá ló kù fún un láti dé ìlà, orí kan ni. Ẹni tí kò tíì jẹun láti àná, orí kan ni. Gómìnà tó bá fẹ́ kí iye tálákà rẹ̀ tètè wálẹ̀, àwọn tó wà létí ìlà ló máa lọ fún lówó, kò ní yà sọ́dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Amartya Sen, ará Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998, ló fi ojú ọ̀rọ̀ yìí hàn ní 1976, nígbà tó sì di 1984, Foster, Greer àti Thorbecke gbé ìṣirò kan jáde tó ń wo bí kálukú ṣe jìn sísàlẹ̀ ìlà tó. Ó máa ń wà nínú ìwé NBS náà. Àwọn oníròyìn kì í ṣí ojú ewé yẹn.

Gbogbo iye owó tí mo sọ wọ̀nyí ti gbó. Láti 2019, wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, náírà ti já wálẹ̀, ọ̀wọ́n ọjà sì wọ 34.8 nínú 100 ní oṣù kejìlá 2024. (Ó wá bọ́ sí 24.48 lóṣù tó tẹ̀ lé e torí wọ́n tún ìṣirò náà tò, kì í ṣe torí pé ọjà rọlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà mọ̀ bẹ́ẹ̀.) Owó oṣù tó kéré jù ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti di 77,000. Bí ẹnikẹ́ni bá fi 137,430 díwọ̀n yín lónìí, ẹ sọ fún un pé ìlà àná ló gbé wá.

Nítorí náà, ṣé tálákà ni yín? Ẹ ní kí ọmọ yín ṣe é fún yín, òun ló mọ ìṣirò. Kó ra ìwé àjákọ kékeré kan, kó máa kọ gbogbo ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí ẹ ná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó má gbàgbé gàrí inú igbá. Kó fi owó ilé ìwé àti owó ilé tí ẹ ń san lọ́dún pín sí oṣù. Kó pín gbogbo rẹ̀ sí márùn-ún. Kó wá wo iye tí oúnjẹ tó tó jẹ́ lọ́jà Làfẹ́nwá lónìí. Lójú ohun tí ẹ kọ sí mi, mo rò pé ẹ máa wà lókè, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà. Sísáré lọ sọ́dọ̀ alájọ nígbàkígbà tí owó ilé ìwé bá dé ni mo fi mọ̀. Ẹni tó wà nírú ipò yìí, àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í pè é ní tálákà, a máa ń sọ pé ìṣẹ́ ń ṣọ́ ọ. Àìsàn kan, ìjàǹbá ọ̀kadà kan, ó ti wọlé.

Ní ti kíkọ orúkọ, ẹ jáde. Ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ tálákà sí yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú dọ́là 3 tàbí 40.1. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni wọ́n máa ń pe ìpàdé, tí wọ́n á dárúkọ àwọn tí wọ́n mọ̀ pé nǹkan kò rọgbọ fún. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé á wá sílé wá béèrè òrùlé, omi, iye èèyàn tó wà nílé, ohun ìní, tí wọ́n á sì fi kọ̀ǹpútà tò yín sórí ìlà láti orí ẹni tó ṣe aláìní jù. Nítorí náà, ẹ má dúró sílé lọ́jọ́ ìpàdé, torí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń gbàgbé. Ohun tí ẹ ní ni kí ẹ sọ, ẹ má gbé tẹlifíṣàn pamọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ alága àdúgbò, bá ní kí ẹ mú nǹkan wá kí orúkọ yín tó wọlé, ẹ má fún un.